Ṣòkòtò Àgbàbọ̀ Ni Script Tí A Kò Kà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń lo Linux, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, ó sì kan èmi náà. Ó ti di àṣà láàrin wa pé bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé i3 tàbí dwm sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni pé kó lọ ṣe àdàkọ script status bar ẹlòmíràn. Ìlà tóóró tó ń sọ aago, bátìrì àti íntánẹ́ẹ̀tì fún wa lójú kọ̀ǹpútà ni mò ń wí. Báà náà á rẹwà, àwọ̀ rẹ̀ á máa dán, a ó sì gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n bí a bá bi onítọ̀hún pé kí ni ìlà kẹta nínú script náà ń ṣe, ẹnu rẹ̀ á wọhò. Àṣà yìí kò dára, ó sì yẹ ká jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ọdún tó kọjá, orí kẹta próójẹ́ẹ̀tì mi ni mò ń kọ nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Mo wo báà mi: bátìrì 100%. Ọkàn mi balẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, 100%. Lẹ́yìn wákàtí méjì, 100% náà ni. Ó yẹ kí n ti fura, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi nínú ni mo fẹ́ gbà gbọ́. Lójijì, ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Ojú ìwé mẹ́fà tí mi ò tíì fi pamọ́ bá a lọ.

Ìgbà tí iná dé ni mo tó wá ka script náà. Ẹni tó kọ ọ́ ń lo láptọ́ọ̀pù tó ní bátìrì méjì, bí àwọn ThinkPad kan ṣe máa ń ní, BAT1 ló sì ní kí script máa wò. BAT0 nìkan ló wà lórí tèmi. Ó tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí kò bá rí bátìrì, kó kọ 100. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀ o. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ló kọ ọ́ fún. Èmi ni mo lọ wọ ṣòkòtò tí wọn ò rán fún mi. Àwọn àgbà ṣáà ti wí i: àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń báni mu.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bátìrì nìkan. Mo rí script kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń fi curl béèrè ojú ọjọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún. Bí kọ̀ǹpútà bá wà ní títàn fún wákàtí 10, ìbéèrè 7,200 nìyẹn, nítorí òjò tó lè yọjú lójú fèrèsé wò! Òun kan náà ló ń ráhùn pé dátà òun kì í tọ́jọ́. Èyí tó tún burú jù ni pé gbogbo fáìlì tí àwa fúnra wa lè ṣí ni script báà lè ṣí: próójẹ́ẹ̀tì wa, fọ́tò wa, kọ́kọ́rọ́ SSH wa. Ta ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́ nítorí pé aṣọ àlejò náà dára?

Àwọn kan á ní, "Ìdánwò ti dé tán, àyè dà?" Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe kéré tó:

#!/bin/sh
while true; do
  echo "$(cat /sys/class/power_supply/BAT0/capacity)% $(date +%H:%M)"
  sleep 10
done

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú fáìlì capacity, láti 0 dé 100. cat ń kà á, date ń sọ aago, sleep ní kó sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ls /sys/class/power_supply kí ẹ lè mọ orúkọ tí bátìrì tiyín ń jẹ́. Ẹ fi chmod +x fún fáìlì náà láṣẹ. Lórí i3, ẹ kọ ibi tí fáìlì náà wà tẹ̀ lé status_command lábẹ́ bar. Ìlà tí script bá ti sọ jáde ni i3bar á gbé sójú. Lórí dwm, xsetroot -name ni kí ẹ fi rọ́pò echo. Bí kò bá rí bátìrì, àyè òfìfo lẹ máa rí, ẹ ò ní rí irọ́.

Mi ò sọ pé ká má wo iṣẹ́ ẹlòmíràn o. Ibẹ̀ la ti ń kọ́ ọgbọ́n, bí a bá kà á. Mi ò sì bá ẹni tó ń lo GNOME jà. Kò sọ pé òun ló kọ báà òun. Àwa tá a ń fọ́nnu pé a fẹ́ jẹ́ ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà wa ni mò ń bá wí. Ọ̀gá wo ni kò mọ ohun tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́?

Lálẹ́ òní, ẹ ṣí script báà yín. Ìlà tí ẹ kò bá lè ṣàlàyé fún ọmọ ọdún kìn-ín-ní, ẹ pa á rẹ́. Bó bá ku aago nìkan, kò burú. Aago yín ni, òótọ́ ló sì ń sọ.