Ẹ yé sáré lọ Èpẹ́, ilé bàbá yín ń jò ní Bàrígà

Mo fẹ́ bá àwa ọmọ Ṣómólú àti Bàrígà sọ̀rọ̀. Ó máa gùn díẹ̀. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i níbí: ọmọ ọdún 26 dúró láàárín igbó, ó gbé ìwé dání, ó ní òun náà ti di lanlọ́ọ̀dù. Gbogbo yín ń kí i kú oríire. Ilẹ̀ ọ̀hún wà lẹ́yìn Èpẹ́, kò sí títì, kò sí iná, díẹ̀díẹ̀ ló ń san owó ẹ̀. Bó bá fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ á ti máa dúró dè é pẹ̀lú owó ìpìlẹ̀, owó páànù, owó géètì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Èkó ti 2016 kà á léèwọ̀. Ó dáa. Owó ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí bàbá ẹ̀ ní ilé yàrá mẹ́wàá ní Bàrígà, ilé face-me-I-face-you, o rìn díẹ̀ o dé Akọka. Òrùlé ilé yẹn ti ń jò láti ìgbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì, kò sì tíì mú owó páànù kan sílẹ̀ rí.

Èyí ló ń bí mi nínú. Ilẹ̀ Èpẹ́ kọ́. Irọ́ tí wọ́n ń pa fún wa ni, pé orí ilẹ̀ tuntun nìkan ni èèyàn ti ń di onílé. Ilé tó wà nítòsí títì, tó ní iná, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń wá yàrá lọ́dọọdún bí ẹni ń wá omi, ìyẹn ò jọ nǹkankan lójú wa. "Ilé ẹbí ni. Wàhálà ni." Ó tán. (Ìwé ìpolówó ilẹ̀ Èpẹ́ tí wọ́n ń há fún yín lábẹ́ bíríìjì yẹn, kò ní yà mí lẹ́nu bó bá jẹ́ Ṣómólú níbí ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.)

Ẹ wo ara ògiri àdúgbò wa. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà o, ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀. Ẹ rò pé gbájúẹ̀ ìta ni wọ́n ń bá wí? Ẹ̀gbọ́n ló kọ ọ́ sí àbúrò. Àbúrò ló kọ ọ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ tà á ní mílíọ̀nù 60. Éjẹ́ńtì àti lọ́yà gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku 54. Ká ní ẹ̀yin méjìlá lẹ máa pín in: mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ wo ni mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ fẹ́ rà ní Ṣómólú? Ẹ máa padà wá háyà yàrá ní àdúgbò kan náà ni, ẹ ó máa san owó ilé fún ẹni tó ra ilé bàbá yín. Mo mọ àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀nà míì ni wọ́n ń gbà lọ sí bọ́sítọ́ọ̀bù kí wọ́n má baà rí i.

Ẹ wá ṣírò òdìkejì. Yàrá mẹ́wàá, ká ní ẹgbẹ̀rún 25 lóṣù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́dún. Ta ló ń gbà á báyìí? Bọ̀dá tó ń gbé inú ilé ni. Ó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Àǹtí, ó ní púlọ́ńbà gba ìyókù. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ pín in lọ́gbọọgba, ẹgbẹ̀rún 250 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ìyẹn lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún 20 lóṣù. Owó dátà àti súyà. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta pamọ́ lọ́dọọdún fún ilé nìkan, mílíọ̀nù kan nìyẹn. Òrùlé lọ́dún yìí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi lọ́dún tó ń bọ̀, wáyà iná lọ́dún kẹta. Owó yàrá náà á gòkè, ẹni tó bá sì ń gbé ibẹ̀ ò ní máa fi ike gba òjò.

Òrùlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá jà. Kì í ṣe táìsì, kì í ṣe géètì, kì í ṣe ọ̀dà. Ilé wà ní Ṣómólú tí wọ́n lẹ táìsì mọ́ ojú ẹ̀ tó ń dán yanran, tí wọ́n sì ń sún bẹ́ẹ̀dì kiri nínú ẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀. Omi tó ń jò ń jẹ igi àjà, ó ń wọ ògiri, ó ń wọ inú kọnkéré, irin inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Irin tó bá dípẹtà á wú, kọnkéré á là, á máa já bọ́. Bẹ́ ẹ bá rí i tí abẹ́ dẹ́kìn ń ṣí bí èèpo, tí irin yọ sójú, ẹ má fi símẹ́ǹtì bò ó mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ kun ọ̀dà lé e. Ẹ pe ẹnjiníà. Bíríkìlà kì í ṣe ẹnjiníà, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó.

Àwa tá a wà létí ọ̀sà, ní Ìlàjẹ àti apá ibẹ̀ yẹn, tiwa tún le. Iyọ̀ ni ọ̀tá irin. Yanrìn tí wọ́n wà jáde látinú ọ̀sà tí wọn ò fọ̀, omi kànga tó níyọ̀ lẹ́nu, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ símẹ́ǹtì nítorí pé ó wà nítòsí, kò sì wọ́n. Ẹ fi ahọ́n tọ́ omi ọ̀hún wò. Bó bá níyọ̀, ẹ ra omi táńkà fún kọnkéré yín. Owó táńkà omi kò tó owó òpó kan tẹ́ ẹ máa wó tún kọ́.

Èyí tó ń pààyàn gan-an ni kí wọ́n máa gbé àjà lé àjà. Bàbá àgbà fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún ilé ilẹ̀. Ẹ̀yin rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, ẹ gbé àjà kan lé e, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ẹ tún gbé òmíì. Ta ló wo ìpìlẹ̀? Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé alájà kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà lókè ẹ̀ wó ní Ìta Fáàjì, ní Erékùṣù Èkó. Àwọn ọmọdé kú síbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ilé àjà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, àwọn tó kú lé ní 40. Ilé olówó nìyẹn o, ilé tuntun. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ tàbí ilé tálákà. Ẹ gba ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lórí èkejì. Iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń yẹ kọnkéré àti irin wò wà, ẹ lò ó. Bí LASBCA bá sì ti sàmì sí ilé yín pé kẹ́ ẹ jáde, ẹ jáde. Gbogbo ohun tí mò ń sọ nípa àtúnṣe, kò kan irú ilé bẹ́ẹ̀. Tà á, tàbí kẹ́ ẹ wó o. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí "wàhálà ni" yẹn.

Ẹni tó bá kú láìṣe ìwé ìhágún, lábẹ́ àṣà wa, ilé ẹ̀ di ti gbogbo ọmọ lápapọ̀. Kì í ṣe ti àkọ́bí. Kì í ṣe ti ẹni tó kù sílé. Dáwódù kàn ń bójú tó o fún gbogbo yín ni. Láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé ẹjọ́ ti là á kalẹ̀: bí olórí ẹbí bá dá a tà láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí yòókù, ẹ lè pe ẹjọ́ kí wọ́n wọ́gi lé e. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹbí kan lásán ló tà á, òfo ni títà ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé Bọ̀dá ti gba owó, kò sóhun tá a lè ṣe, ẹ lè ṣe nǹkan. Ẹ kàn má sùn lé e, torí ilé ẹjọ́ kì í fẹ́ràn ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ fún pé "ẹ̀yin ti lọ ilé ọkọ": ní Èkó yìí, ní 1924, nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez, ilé ẹjọ́ ti sọ pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ tiẹ̀ nínú ilé ẹbí bíi ti ọmọkùnrin. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Bẹ́gbọ̀n yín ò bá tíì gbọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i.

Pípín ńkọ́? Ìdí-igi àbí orí-ò-jorí? Ọkùnrin kan wà ní Èkó, Suberu Dawodu, ó kú ní 1940, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ pípín dúkìá ẹ̀ dé Privy Council ní Ìlú Ọba, 1962 ni wọ́n tó parí ẹ̀. Ọdún 22! Ìdí-igi ló borí, àmọ́ olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá wà. Ẹ̀yin wá ń sọ pé ẹ ó yanjú tiyín tí Dádì London bá wálé ní Kérésì.

Ẹ wá ìwé. Rìsíìtì tí bàbá àgbà fi ra ilẹ̀, bó ti wù kó gbó tó. Sọ́fè, kẹ́ ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá láti mọ̀ bóyá kò bọ́ sórí ilẹ̀ ìjọba. Ẹ lọ sí Probate ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, ẹ gba letters of administration. Wọn kì í kọ orúkọ tó ju mẹ́rin lọ sí i, torí náà ẹ mú ẹnì kan láti ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí àkáǹtì kan tí èèyàn mẹ́ta láti ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa fọwọ́ sí kí owó tó jáde, kí owó ilé máa wọ ibẹ̀ tààrà. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, ẹ ra ìpín ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí dẹfẹ́lọ́pà bá wá, tó ní òun á wó o, òun á kọ́ fúláàtì, òun á lò ó fún iye ọdún báyìí kó tó dá a padà, ó lè dáa. Àmọ́ lọ́yà tó mú wá, lọ́yà tiẹ̀ ni. Ẹ ní tiyín.

Owó ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá 2024, Báǹkì Àpapọ̀ gbé ìwọ̀n èlé tiwọn dé 27.5%. Ẹ má lọ fi ilé bàbá yín dógò lórí irú owó bẹ́ẹ̀. National Housing Fund wà láti 1992: wọ́n ń yọ 2.5% nínú owó oṣù, wọ́n sì ń yáni lówó ilé ní èlé 6% lọ́dún. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara ẹ̀ náà lè wọ̀ ọ́. Kò rọrùn, wọ́n ń béèrè ìwé ilé, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ wá ìwé lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ̀yin tí kò ní ìwé, ẹ dá àjọ. Ẹ̀yin méjìlá, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lóṣù, mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 440 ni lọ́dún. Owó aṣọ ẹbí ìnáwó méjì ni.

Mo mọ èsì yín. "Àwọn àgbà ò ní gbà." Àwọn àgbà wo? Àwọn tó ń gbé inú ilé yẹn ni òjò ń pa. Ẹ má lọ bá wọn pẹ̀lú òfin lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ mú owó páànù lọ́wọ́. Mi ò tíì rí bàbá tó lé ọmọ tó mú páànù wá.

Àkọ́rọ̀ òjò ò ní pẹ́ dé. Bó o bá lọ sílé lọ́jọ́ Àìkú, gbójú sókè wo àjà yàrá màmá àgbà, ya fọ́tò ẹ̀, fi sórí WhatsApp ẹbí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè nípa Probate, kó fi sábẹ́ ibí, mo máa dáhùn lálẹ́ tí iná bá dé.