Ta Ni Ọ̀dàlẹ̀ Nínú Ọ̀rọ̀ Àwọn Nọ́ọ̀sì Tó Ń Lọ?

Ṣáájú ààwẹ̀ tó kọjá, a wà níbi wáàsí kan ní ìlú wa. Iwájú ilé àlùfáà tó ń ṣe wáàsí gan-an ni a tẹ́ ẹní sí. Ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún ni, ó sì mọ kéwú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí wọ́n ń kó ẹrù lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Saudi, ó ní ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Ó ní ẹni tí owó ìlú kọ́ níṣẹ́, tí ó wá fi aláìsàn ìlú sílẹ̀, owó tí ó bá rí lọ́hùn-ún kò mọ́. Àwọn èèyàn ké Allāhu Akbar. Àwa náà jókòó níbẹ̀, a kò wí nǹkan kan, nítorí pé a kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àlùfáà lẹ́nu láwùjọ. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ méjì wà ní London, a sì mọ̀ pé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni a fi kan páànù ilé tí a jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àlàsárì, obìnrin kan wá bá wa ní ilé kéwú. Ọwọ́ wa ni ó ti ka Àlùkùránì parí kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé owó mi kò ní mọ́ bí mo bá lọ? Ìwé mi ti jáde." A ní kí ó fún wa láyè kí á rò ó. Ohun tí a rò nìyí, a sì kọ ọ́ síta nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ń bú.

Èrò tiwa ni pé ẹni tó ń lọ kọ́ ni ọ̀dàlẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbà á síṣẹ́ tí wọn kò tọ́jú rẹ̀, tí wọn kò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ó lọ, àwọn ni kí á bi léèrè. Ọwọ́ àwa tí à ń ké Allāhu Akbar lórí ẹní náà kò sì mọ́ nínú rẹ̀. A ó dé ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù tí ó wà, nọ́ọ̀sì márùn-ún ni ó ń pín iṣẹ́ alẹ́ láàárín ara wọn. Nísinsìnyí, àwọn méjì ni ó kù. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, èkejì ni yóò máa sáré láti orí bẹ́ẹ̀dì kan dé òmíràn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni wọ́n gbà á sí. Ọdún kẹta rè é, wọn kò tíì sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi, kò sí owó ìfẹ̀yìntì fún un, ìgbà mìíràn sì wà tí owó oṣù yìí yóò wọnú oṣù tó ń bọ̀. Bí kò bá sí ìbọ̀wọ́, òun ni yóò fi owó ara rẹ̀ rà á. Bí aláìsàn bá kú, òun ni àwọn ẹbí rẹ̀ yóò gbá létí. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ nípa òógùn alágbàṣe. A máa ń fi ṣe wáàsí fún àwọn tó ní bírísópè àti bíríkìlà lẹ́nu iṣẹ́. Ta ni ó ti fi ṣe wáàsí fún ìjọba lórí owó oṣù nọ́ọ̀sì?

Títí di òpin ọdún 2021, ₦5,000 lóṣù ni ìjọba àpapọ̀ ń san fún dókítà gẹ́gẹ́ bí owó ewu iṣẹ́. Ìgbà tí àrùn Kòrónà ń jà nìyẹn, tí àwa tí a kì í ṣe dókítà ti ilẹ̀kùn mọ́ra, tí a kì í bọ ara wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iye tí ẹran iléyá jẹ lọ́dún náà, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀.

Àti pé, ta ni ó kọ́kọ́ sọ fún wọn pé wọ́n lè lọ? Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Chris Ngige, ẹni tí ó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nígbà náà, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ dókítà, jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun kò dààmú pé dókítà ń lọ, nítorí pé wọ́n pọ̀ jù ní Nàìjíríà, ohun tó bá sì pọ̀ jù ni a máa ń tà sókè òkun. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kòkó tàbí ẹ̀wà ni ó sọ ọ́. Kò ju ọdún mẹ́fà lọ lẹ́yìn ìyẹn, ní 2025, tí mínísítà ìlera, Ali Pate, sọ pé ó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún dókítà tí ó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, pé ó ju $21,000 lọ tí a ń ná lórí kíkọ́ dókítà kan, àti pé dókítà tí a ní kò pé mẹ́rin fún ẹgbàárùn-ún èèyàn. Níbo ni àwọn tó pọ̀ jù wà?

Láàárín méjèèjì ni ọ̀rọ̀ Saudi bọ́ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ àmọ̀dájú bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì lórí owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Ó lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nínú oṣù kan náà ni àwọn ará Saudi wá sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Àbújá láti yan dókítà, èrò sì wọ́ lọ síbẹ̀. Kí ni ìjọba ṣe? Àwọn agbófinró DSS ni wọ́n rán lọ tú wọn ká. Kàkà kí á gbé owó tí a jẹ èèyàn wá, ẹni tó ní òun yóò fún un níṣẹ́ ni a lọ lé. Kì í sì ṣe òní ni Saudi ti ń gba dókítà wa. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990, tí àwa ṣì ń gbé wàláà káàkiri, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn gbà lọ. Ẹ̀yin alálàájì wa, ẹ kì í bínú bí ọmọ Yorùbá bá fún yín lábẹ́rẹ́ ní Mẹ́kà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ òfin dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àbá òfin kan tí Ganiyu Johnson, aṣòfin láti Èkó, gbé wá kọjá ìpele kejì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin: kí dókítà má rí ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà ní kíkún àfi bí ó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún nílé. Àbá náà kò di òfin. Nígbà tí ó di oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kéde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó bá gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó lè bá a fi ìdí ìwé rẹ̀ múlẹ̀ fún àwọn ará òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì tú jáde ní Àbújá àti ní Èkó. A kò sọ pé ìlú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tí ó kọ́. Ó lẹ́tọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn ṣáájú iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó jẹ́, kì í ṣe okùn tí a ó jù sí i lọ́rùn nígbà tí ó bá ti dé ẹnu ọ̀nà. Ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀ tí a kò fún ní ewé jẹ, ṣé a lè pe ìyẹn ní ọ̀sìn?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé à ń yin ìlú òyìnbó. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ka Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè márùndínlọ́gọ́ta tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2023. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ní àwọn kò fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni wá máa ṣa òṣìṣẹ́ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí nọ́ọ̀sì bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé wá, àwọn yóò gbà á. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn tí ó ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí ni ó ṣe?

Ojú fèrèsé yìí sì ni àwọn onígbèéwiri jókòó sí. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ní oṣù kejì ọdún 2022, olùkọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì fi báńkì sílẹ̀, àwọn èèyàn ta ilẹ̀ bàbá wọn láti ra ìwé iṣẹ́ tí kò yẹ kí á tà rárá. Òmíràn débẹ̀, kò bá iṣẹ́ kankan. Láti oṣù kẹta ọdún 2024, wọn kò jẹ́ kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mú aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ọ̀nà náà pa fún ẹni tuntun láti òkèèrè. Síbẹ̀, títí di òní a ń rí ẹni tó ń polówó rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí á tó gbà yín síṣẹ́, olè ni. Èyí tó tilẹ̀ dùn wá jù ni ti ìdánwò. Ní 2023, àjọ nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé èsì ìdánwò tó ń wá láti ibùdó kan ní Ìbàdàn mú ìfura dání, ni wọ́n bá ní kí ọ̀pọ̀ tún un ṣe. Ẹni tó ṣe tirẹ̀ lóòótọ́ náà jìyà. Ẹni tó bá rán ẹlòmíràn jókòó ìdánwò fún un kí ó lè fi ọwọ́ kan ẹ̀mí èèyàn, àwa kò ní ọ̀rọ̀ kan láti fi gbèjà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn. Bí òṣìṣẹ́ kan bá lọ, kí ni ó ṣòro nínú kí á gba ẹlòmíràn? Nígbà tí àwọn dókítà tún yanṣẹ́ lódì ní 2023, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n bèèrè nìyẹn: kí á fi ẹnì kan rọ́pò ẹnì kan, kí ìwé má sì máa gba ọ́fíìsì bí i mẹ́wàá kọjá kí á tó gba òṣìṣẹ́ kan. Ẹni tó bá ń yanṣẹ́ lódì kí á lè gba òṣìṣẹ́ mọ́ òun, ṣé a lè pè é ní ọ̀lẹ?

Ohun tí wọ́n fi ń dí àlàfo náà, a ti fi ojú wa rí i. Aya olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan rọbí lóru. Agbẹ̀bí kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin mẹ́ta sì ń rọbí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́ aya olùkọ́ yìí ni wọ́n fi ọmọdébìnrin kan sí, ó wọ aṣọ funfun, ó sì mọ́ tónítóní. Auxiliary ni. Oṣù mẹ́fà ni ó fi kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni kan, tí wọ́n fún un ní sátífíkéètì. Ọmọ náà bí, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ọmọdébìnrin yìí ká ọwọ́ lérí, ó ń pe Ọlọ́hun. Kí agbẹ̀bí tó sáré dé, ẹní ti kún. Ọkọ rẹ̀ gun ọ̀kadà káàkiri ìlú kí ó tó rí ẹ̀jẹ̀ rà. Obìnrin náà yè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. A bi ọmọdébìnrin yẹn léèrè iye tí wọ́n ń san fún un: kò tó owó ọkọ̀ rẹ̀ lóṣù. Kì í ṣe ẹni burúkú. Ẹni tó fi í síbẹ̀ nítorí pé kò wọ́nwó ni ẹni burúkú, agbẹ̀bí tí ó sì wá gba ẹ̀mí là lóru ọjọ́ náà ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní ọ̀dàlẹ̀ lórí wáàsí.

Ó wá ku àwa. Bí aya wa bá fẹ́ bímọ, a ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, a ó ní obìnrin ni a fẹ́, ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó dára. Ọmọ ta ni obìnrin náà? Nígbà tí ọmọ tiwa bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, a ó ní iṣẹ́ alẹ́ kò yẹ ọmọlúàbí, a ó ní wọn kò ní jẹ́ kí ó bo orí, a ó ní kí ó lọ fẹ́ ọkọ. Ọmọ ẹlòmíràn ni kí ó máa ṣe àìsùn tọ́jú aya wa. Ṣé Rufaida kì í ṣe obìnrin? Àgọ́ rẹ̀ wà nínú mọ́ṣáláṣí Ànábì ní Mẹ̀dínà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a sì gbé Sa'd ọmọ Mu'adh lọ nígbà tí ọfà bà á lógun Kòtò. Kò sí ẹni tó ní kí ó lọ jókòó sílé.

Ní ti owó, ẹ má sọ pé a kò ní. Ní ọdún 1284, nígbà tí Sultan Qalawun kọ́ ọsibítù Mansuri sí Káírò, kò fi mọ sórí bíríkì. Ó ya dúkìá sọ́tọ̀ bíi wákáfù, kí èrè wọn lè máa san owó àwọn oníṣègùn àti àwọn olùtọ́jú. Ọkùnrin ń tọ́jú ọkùnrin, obìnrin ń tọ́jú obìnrin. Ní àdúgbò wa nìkan, mọ́ṣáláṣí mẹ́ta ni a kọ́ láàárín ọdún mẹ́wàá, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn débi pé ìrun ọ̀kan ń da èkejì rú. Ẹgbẹ́ wa lè ya ṣọ́ọ̀bù márùn-ún sọ́tọ̀ lọ́jà, kí owó rẹ̀ máa kọ́ ọmọbìnrin méjì lọ́dún ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Kí á bá wọn ṣe àdéhùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, níṣojú òbí wọn, pé wọn yóò ṣiṣẹ́ ọdún mélòó kan nílé, kí àwa náà kọ iye tí a ó fi kún owó oṣù wọn sínú ìwé kan náà. A ti gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí á jẹ́ kí wọ́n parí mínárẹ́ẹ̀tì ná.

Obìnrin tó bi wá léèrè kò dúró de ìwé ìròyìn yìí. Nígbà tí ó wá dágbére, a sọ fún un pé owó rẹ̀ mọ́, kí ó má fi ìrun ṣeré, kí ó má sì gbàgbé ìyá rẹ̀. Ó sunkún, àwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sun. A bi í léèrè ta ni ó gba ipò rẹ̀ ní ọsibítù. Ó ní ọmọdébìnrin aláṣọ funfun yẹn ni.