Iye Kan Ṣoṣo Tó Láti Fi Dán Wọn Wò

Ọ̀rọ̀ kan ti di àsọtúnsọ lẹ́nu àwọn kan láàrin wa. Wọ́n ní èdè Yorùbá dára fún oríkì, ó dára fún àlọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá di ti ìṣirò, kí a yáa gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi iye kan ṣoṣo, 65,536, dán ọ̀rọ̀ wọn wò.

Ẹ mú ẹyọ owó kan. Ẹ sọ ọ́ di méjì, kí ẹ sọ méjì di mẹ́rin, kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà mẹ́rìndínlógún. 65,536 ni ẹ óò bá níbẹ̀. Òun kan náà ni 256 lọ́nà 256. Kò sí babaláwo tí kò mọ 256, nítorí ojú odù mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́rìndínlógún ni. Orúkọ iye yìí gan-an sì ni olùkọ́: mẹ́rìndínlógún ni ogún tí a yọ mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀. Nítorí náà, ogún lọ́nà mẹ́rìndínlógún jẹ́ 320. Ẹ yọ mẹ́rin lọ́nà mẹ́rìndínlógún, tí í ṣe 64. Ó ku 256.

Kò tán síbẹ̀. Iye mẹ́tàdínlógún péré ni ó pín 65,536 láìṣẹ́kù: 1, 2, 4, 8, títí dé orí òun fúnra rẹ̀. Bí a bá ro wọ́n pọ̀, tí a yọ òun alára sílẹ̀, 65,535 ni a óò rí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó fi dín. Bí a bá sì fi ẹyọ kan lé 65,536, ó di 65,537, tí kò sí iye tí ó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1801, Gauss ará Jámánì fi hàn pé a lè fi rúlà àti kọ́ńpáàsì nìkan ya àwòrán onígun 65,537 tí gbogbo ìhà rẹ̀ dọ́gba. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni Yorùbá kò rí sọ?

Wọn yóò ní orúkọ rẹ̀ gùn: ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́rìndínlógójì. Mo gbà pé ó gùn. Ṣé ti Gẹ̀ẹ́sì kúrú ni? Bí a bá ń ṣírò, ta ni ó ní kí a má kọ ọ́ ní 65,536?

Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Síbẹ̀, ní ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ óò di olùkọ́ lọ́la, ẹ má ṣe di ẹ̀bi àìmúra yín ru èdè. Ẹni tí kò bá lè ṣàlàyé ìṣirò ní Yorùbá, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìṣirò náà yé òun.