Iná Pupa Tí Mo Fi Pílásítà Bò

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ sí ilé ìtura kan ní Ìkàrẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Ajé. Ó ní iná pupa kan ń tàn lára ẹ̀rọ tó ń pín ìpè lẹ́yìn tábìlì òun, ṣé ó yẹ kí òun bìkítà? Ìbéèrè yẹn gbé ohun kan jáde tí n kò tíì kọ sí ojú ìwé yìí rí.

Lẹ́yìn tí mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, mo ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan ní ibi ìgbàlejò ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkàrẹ́ kan náà. Ẹni tó gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá tí kò tíì rí iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣa iṣẹ́ yàn. Mo ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀, mo ń gba owó káàdì, mo sì ń dáhùn ìpè. Lẹ́yìn àga mi ni wọ́n kan àpótí irin kan mọ́ ògiri. Inú rẹ̀ ni sáfà tẹlifóònù wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń gba ìpè láti ìta, tó sì ń pín in sí yàrá dókítà, ibi oògùn àti ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Iná wẹ́wẹ́ tò sí iwájú rẹ̀ bí ojú ẹja.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn iná náà di pupa. Mo sọ fún ọ̀gá wa. Wọ́n gbé tẹlifóònù, wọ́n pe ibi oògùn, wọ́n dá wọn lóhùn. "Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ní òru, tí gbogbo ilé bá dákẹ́, iná náà a máa ṣẹ́jú sí mi lẹ́yìn ọrùn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo gé pílásítà tí a fi ń bo ojú egbò, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Ní òwúrọ̀ kan lẹ́yìn èyí, ìyá kan gbé ọkọ wọn dé láti Ọ̀kà. Ẹnu bàbá náà ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ òsì wọn kò sì ṣeé gbé mọ́. Ìyá náà kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, mo pè yín títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ń dún, ẹ ò gbé e. Mo ní bóyá dókítà ò sí ńlé." Ẹni tó bá mọ bí ọ̀nà Ọ̀kà ṣe ń lọ́ lórí òkè kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Àkùngbá yóò mọ ìdí tí ènìyàn kò fi ní gbé aláìsàn sọ̀ ọ́ lóru láìmọ̀ bóyá ilẹ̀kùn tí òun ń lọ kàn ṣí. Rọpárọsẹ̀ ni, àwọn wákàtí àkọ́kọ́ ló sì ṣe pàtàkì jù nínú àìsàn yẹn. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òru náà. Tẹlifóònù kò dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo tilẹ̀ ń dúpẹ́ pé òru náà dákẹ́.

Ẹni tó wá tún ẹ̀rọ náà ṣe ti Àkúrẹ́ wá. Kí wọ́n tó bi mí ní ohunkóhun, wọ́n ti ṣí pílásítà náà kúrò, wọ́n wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n so kọ̀ǹpútà wọn mọ́ sáfà, wọ́n sì pè mí kí n wá wo àkọsílẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Láìnì mẹ́rin ló ń gba ìpè láti ìta, orí káàdì kan ṣoṣo ni wọ́n sì wà. Ní ọjọ́ tí iná kọ́kọ́ tàn, ọ̀kan ló kú. Sáfà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àléébù kékeré. Lẹ́yìn náà, èkejì kú, ẹ̀kẹta sì tẹ̀ lé e. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí bàbá Ọ̀kà ṣubú, ẹ̀kẹrin kú, àkọsílẹ̀ sì yí padà sí àléébù ńlá. Ní gbogbo àkókò yìí, iná pupa kan náà ló ń tàn. Bí láìnì kan ṣe ń tàn án ni mẹ́rin ń tàn án. Iná ń sọ ibi tí àléébù wà. Inú àkọsílẹ̀ ni a ti ń ka bí ó ti pọ̀ tó.

Ìpè tí ọ̀gá wa fi dán ẹ̀rọ wò sì ńkọ́? Àárín ilé ni ìpè náà ti bẹ̀rẹ̀, àárín ilé náà ló parí sí. Kò gba orí káàdì tó ń ṣàìsàn kọjá rárá.

Mo ti wá kà nípa rẹ̀ láti ìgbà náà. Ní ọdún 1992, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní X.733. Ìpele mẹ́rin ló pín àléébù sí. Èkíní ni pàjáwìrì: iṣẹ́ ti dúró, ẹ dìde lójú ẹsẹ̀. Èkejì ni ńlá: iṣẹ́ ti dín kù gidigidi. Ẹ̀kẹta ni kékeré: àléébù wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì ń lọ, ẹ tún un ṣe kó tó burú. Ẹ̀kẹrin ni ìkìlọ̀: nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Bí àléébù bá kúrò, àmì wà fún ìyẹn náà. Lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ, pupa ni àwọ̀ èkíní, àwọ̀ ọsàn ni èkejì, àwọ̀ ìyeyè ni ẹ̀kẹta, aró sì ni ẹ̀kẹrin. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tí mo kọ́ ṣeré díẹ̀: funfun, dúdú àti pupa ni àwọ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà wa. Bí ìyá mi àgbà bá wo ojú ẹ̀rọ náà, pupa ni wọn yóò pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àkọ́kọ́. Lójú tèmi, wọn kò jìnnà sí òótọ́. Sáfà tó ní ẹ̀rọ agbáná méjì lè pàdánù ọ̀kan, kó sì pè é ní kékeré, nítorí ìkejì ṣì ń gbé e. Ọjọ́ tí ìkejì bá kú ni gbogbo ilé yóò mọ̀. Iṣẹ́ òní ni ọ̀rọ̀ "kékeré" ń wọ̀n, kì í ṣe ewu ọ̀la.

Àwọ̀ tilẹ̀ máa ń tan ènìyàn. Lára àwọn káàdì ẹ̀rọ Avaya, èyí tí kì í ṣe irú tiwa, pupa ni àléébù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ń sọ pé ẹ̀rọ ń dán ara rẹ̀ wò, àwọ̀ ìyeyè sì ń sọ pé ènìyàn ń lò ó lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí àwọ̀ ewé, tó sì ń yọ̀ pé ara le, kò ka nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná pupa orí àwọn òpó gíga tó wà káàkiri Àkókó: nítorí bàálù ni wọ́n ṣe tàn án. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, iná yẹn lè máa tàn lọ. Àrokò pàápàá, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ló ń jẹ́ fún.

Mo rí bàbá náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìgbà náà. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń gbé ọwọ́ òsì lé itan. Ìyá kí mi dáadáa, wọ́n tún béèrè bóyá mo ti jẹun.

Nítorí náà, mo dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn pé kó ya fọ́tò iná náà, kó kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kó sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kí ẹni tí yóò tún un ṣe ka àkọsílẹ̀ sáfà sí wọn létí, pẹ̀lú ìpele àti àkókò. Ṣùgbọ́n kó tó ṣe gbogbo ìyẹn, kó bọ́ sí ìta, kó fi fóònù ara rẹ̀ pe nọ́ńbà ilé ìtura náà.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi dá mi lóhùn. Ó ní òun dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń dún létí òun, ṣùgbọ́n tẹlifóònù orí tábìlì dákẹ́.