Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Mísì: Kí Ẹjọ́ Tó Dé Ọ̀dọ̀ Mẹkáníìkì

Bí mọ́tò tòkunbọ̀ kan bá ń gbọ̀n jìgìjìgì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí kò fẹ́ gun òkè mọ́, tí ohùn ìdí sàléńsà rẹ̀ sì ń já, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ kò ṣòroó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì yóò tẹ́tí sí i díẹ̀, yóò ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì ná.” Wọ́n á pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò ní yí padà. Ó kan kọ́ìlì. Ó kan nọ́sù. Ó kan ẹ́ńjìnnì síìtì. Kí wọ́n tó dé orí brain box (kọ̀ǹpútà mọ́tò), owó tó ti jáde lápò onímọ́tò ti ń sún mọ́ owó ẹ́ńjìnnì Belgium (ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀), mọ́tò sì wà bó ṣe wà.

Àṣà rà-á-ká-wò-ó yìí ló yẹ kó kásẹ̀ nílẹ̀. Kì í ṣe pé mẹkáníìkì ń jalè. Ọ̀pọ̀ wọn kò jalè rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe òun ni yóò san owó ohun tí wọ́n rà lásán kò ní ìdí púpọ̀ láti jókòó wádìí. Ọrùn onímọ́tò ni àdánù náà ń já sí, òun ló sì yẹ kó mọ sílíńdà tó kú àti ohun tó pa á, kó tó rán ẹnikẹ́ni lọ ra ẹ̀yà mọ́tò ní ọjà Ládípọ̀ tàbí Gate n’Ìbàdàn. Ohun tí ìwádìí náà ń béèrè kò ju sípánà púlọ́ọ̀gì, tọ́ọ̀ṣì, síkánà kékeré, gééjì kọmpirẹ́ṣàn àti ọ̀sán Sátidé kan lọ.

Sílíńdà mẹ́rin ló wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń rìn láàárín ìlú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ àti epo sínú, ó ń fún wọn pọ̀, púlọ́ọ̀gì a sì ta iná sí i. Bí ọ̀kan kò bá gbiná, èyí tí wọ́n ń pè ní mísì, àwọn mẹ́ta yòókù ni yóò máa wọ́ ọ kiri. Ká ní ẹ́ńjìnnì náà dúró lójú kan, tó ń yí ní ìgbà 700 láàárín ìṣẹ́jú kan: ẹ̀ẹ̀kan nínú yíyí méjì ni sílíńdà ń gbiná, nítorí náà ìgbà 350 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ kó gbiná. Èyí tó kú pàdánù gbogbo 350 náà, epo tí nọ́sù ń tú sínú rẹ̀ sì ń gba ìdí sàléńsà jáde láìjó. Nígbà tí lítà epo kò tó ₦200, èyí ṣeé fara dà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan sì kọjá ₦500 kí oṣù keje tó parí, ta ló rówó epo tí yóò máa tú sójú títì?

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ oníṣẹ́ ni onímọ́tò fẹ́ dá sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ iṣẹ́ ń lò kó tó gba fíríìdọ́ọ̀mù. Báwo ni akọ̀wé báńkì tàbí olùkọ́ yóò ṣe fi ọjọ́ kan mọ̀ ọ́n? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ títún ẹ́ńjìnnì ṣe yàtọ̀ sí mímọ ibi tó ti ń dùn ún, àwọn àgbà mẹkáníìkì fúnra wọn ló sì kọ́kọ́ fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ lórí Peugeot 504 àti Volkswagen ìjàpá kì í ra nǹkan kan kó tó dán ẹ́ńjìnnì wò. Yóò jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, yóò fi púláyà onírọ́bà yọ wáyà púlọ́ọ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Wáyà tó bá yọ tí ohùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, sílíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́. Èyí tó yọ tí nǹkan kan kò yí padà, òkú nìyẹn. Kò ná an ní kọ́bọ̀. Ìsọ̀ ni ọgbọ́n yìí ti wá. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti pa á tì látìgbà tí ẹ̀yà tòkunbọ̀ ti kún ọjà ni.

Síkánà náà sì ti dé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ tún ọ̀rọ̀ ṣe tó bí wọ́n ṣe rò. Láti orí mọ́tò ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti pọn ọ́n dandan pé kí gbogbo mọ́tò tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ní ojú ihò kan náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí wọ́n lè ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀. Nítorí pé Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá, Corolla ọdún 2004 tó wà l’Ákùúrẹ́ ní ihò yẹn. Síkánà tó tóbi tó páálí ìṣáná á sì máa bá fóònù sọ̀rọ̀. Bí ó bá gbé kóòdù P0301 jáde, sílíńdà kìíní ni, P0302, ìkejì, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. P0300 ní tirẹ̀ ń sọ pé kò sí èyí tí a lè tọ́ka sí lọ́tọ̀. Nọ́ńbà yìí ń júwe ilé tí ìjà wà, kò sọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá rí P0302 tó sì sáré lọ ra kọ́ìlì ṣì ń méfò ni, bí mẹkáníìkì tó bínú sí.

Orí Corolla yẹn ni ìdánwò ti rọrùn jù. Kọ́ìlì mẹ́rin, tó ń rán iná sí púlọ́ọ̀gì, ló wà lórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí púlọ́ọ̀gì tirẹ̀, nọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ló sì de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Bí kóòdù bá jẹ́ P0302, kí onímọ́tò pa ẹ́ńjìnnì, kó gbé kọ́ìlì ìkejì sórí ìkẹta, kó gbé ti ìkẹta sórí ìkejì, kó fi síkánà pa kóòdù àtijọ́ rẹ́, kó sì wa mọ́tò yí àdúgbò ká. Bí kóòdù tuntun bá jẹ́ P0303, kọ́ìlì ló jẹ̀bi, ọ̀kan péré ni yóò sì rà. Bó bá ṣì jẹ́ P0302, kọ́ìlì bọ́ nínú ẹ̀sùn. Púlọ́ọ̀gì ni wọ́n á tún pààrọ̀ ààyè rẹ̀ báyìí; bí wàhálà kò bá tẹ̀lé e lọ, ó kù sí nọ́sù àti sílíńdà gan-an. A dá kọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì láre láìyọ owó kankan.

Kí wọ́n tó dá púlọ́ọ̀gì padà sí ihò rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n wò ó dáadáa. Èyí tára rẹ̀ dá máa ń ní àwọ̀ eérú tàbí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́nu. Bó bá dúdú tó gbẹ bí èédú, epo tó ń wọlé pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́, fílítà afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá tutù tó ń rùn bí epo bẹntiróòlù, epo dé ibẹ̀ ṣùgbọ́n iná kò dé. Bó bá dúdú tó ń dán fún ọ́ìlì lẹ́nu, ọ́ìlì ń wọ inú sílíńdà, ọ̀rọ̀ ti di ti ríìngì tàbí fáàfù. Bó bá jẹ́ òkè rẹ̀ lọ́ìlì wà, tó ta sí rọ́bà kọ́ìlì lára, gáàsíkẹ́ẹ̀tì ìdérí ẹ́ńjìnnì ló ń jò sínú ihò púlọ́ọ̀gì, ìyẹn kò sì le rárá. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń rí èyí tó fara sin jù: ìlà dúdú tín-ín-rín bí irun kan lára tánganran funfun púlọ́ọ̀gì. Ọ̀nà ẹ̀bùrú tí iná ń gbà sá nìyẹn dípò kó dé ẹnu. Bí a bá sì rí ìlà yẹn, kí wọ́n yí inú rọ́bà kọ́ìlì síta wò, nítorí òun náà máa ń ní tirẹ̀ ní ibi kan náà, yóò sì ba púlọ́ọ̀gì tuntun jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń sunkún, ó tún yẹ kí onímọ́tò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹ́ńjìnnì ni. Àwọn ọmọ ká-wọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn láti tú omi sórí ẹ́ńjìnnì kó lè máa dán, omi á sì dúró sínú ihò púlọ́ọ̀gì. Tí a bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún tó gbẹ tán, àìsàn náà á lọ.

Ọ̀tọ̀ ni ti Camry Pencil Light àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣì ń lo wáyà púlọ́ọ̀gì. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá ń mísì láàárọ̀ tí òjò rọ̀, kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lálẹ́, kí wọ́n pa gbogbo iná àyíká, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Wáyà tó ti gbó á máa ta iná aláwọ̀ búlúù sára irin. Ojú ni wọ́n fi ń wo èyí o, kì í ṣe ọwọ́: ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì ló wà nínú wáyà yẹn.

Bó bá jẹ́ P0300, ó ṣọ̀wọ́n kí kọ́ìlì mẹ́rin kú lọ́jọ́ kan. Ohun tí gbogbo sílíńdà jọ ń pín ni kí wọ́n wò, ìyẹn afẹ́fẹ́ àti epo. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ya á máa dún fíì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mọ́tò á sì gbọ̀n jù nígbà tó bá dúró, tí wọ́n bá tẹná ó rọlẹ̀ díẹ̀. Tí wọ́n bá wọ́n omi ọṣẹ síbi tí wọ́n fura sí, ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà. Ní ti epo, ilẹ̀ wa ti rí nǹkan. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àjọ tó ń ṣàkóso epo kéde fúnra rẹ̀ pé epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ti wọlé. Mẹ́tánọ́ọ̀lù a sì máa fa omi mọ́ra. Bí ìgbọ̀nrìrì bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ra epo tuntun, kí wọ́n fa díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, ní ìta, jìnnà sí iná àti jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí nǹkan bá ti pín sí méjì nínú ìgò náà, ẹni tó ń pààrọ̀ kọ́ìlì ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, làpálàpá ló ń pa.

Ààlà náà sì wà. Ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná kò yẹ fún yíyọ púlọ́ọ̀gì, nítorí eyín (tírẹ́ẹ̀dì) inú ihò náà lè bá a jáde. Ọwọ́ lásán ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi dì í padà, kí sípánà tó kàn án. Bí iná check engine bá ń tàn tó ń kú, kí wọ́n má wà á lọ ibi jíjìn: epo tí kò jó ń jó catalyst inú sàléńsà lọ. Bí kọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì bá dára, gééjì kọmpirẹ́ṣàn, tó ń wọn bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, ló kù. Sílíńdà tó wálẹ̀ púpọ̀ ju àwọn yòókù lọ ní àìsàn nínú. Kí wọ́n da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sí i, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n: bó bá gòkè, ríìngì ni, bó bá dúró, fáàfù ni, bí méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn bá jọ wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gáàsíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ilé parí, tí ti ọ̀gá mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí onímọ́tò yóò gbé lọ bá a ni bébà pélébé kan: sílíńdà ìkejì, kọ́ìlì dára, púlọ́ọ̀gì dára, kọmpirẹ́ṣàn kéré, ọ́ìlì kò gbé e sókè. Ọ̀gá tó bá ka bébà yẹn, ìdí fáàfù ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.