Ìgbéyàwó Tú Ká, Gbèsè Ilé Ò Tú Ká

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ni. Àwa tí a wà ní Ìlú Ọba níbí ló kàn jù. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tọkọtaya kan nínú ìjọ wa sọ pé àwọn ò lè gbé pọ̀ mọ́. A gbàdúrà, a bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Níkẹyìn, a pè wọ́n jókòó. Bùrọ̀dá ní òun fi ilé sílẹ̀ fún ìyá àwọn ọmọ òun. Sìsítà ní òun á máa dá san owó mortgage. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, a ṣe àmín, inú wa dùn. Kò sẹ́ni tó kọ ìwé kankan.

Sìsítà san owó yẹn, kò fo oṣù kan. Nígbà tó fẹ́ ṣe àdéhùn tuntun lórí èlé, báńkì ní àfi kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Bùrọ̀dá ti kó lọ sí ìlú mìíràn, kì í gbé fóònù. Nígbà tó yá, òun náà fẹ́ ra ilé. Báńkì tó lọ bá ní gbèsè àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ni wọ́n bá tọ̀ wá wá, kálukú lọ́tọ̀: "Pásítọ̀, ṣebí ojú yín la ṣe parí ẹ̀?" A ò rí nǹkan kan sọ.

Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nìyí: àdéhùn tí ẹ ṣe níwájú pásítọ̀, Ọlọ́run gbọ́ ọ, báńkì ò gbọ́ ọ.

Bí ẹni méjì bá jọ yá owó ilé, kì í ṣe pé kálukú jẹ ìdajì o. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló jẹ gbogbo ẹ̀. Bí ẹnì kan ò bá san, wọ́n á bi ẹnì kejì. Bí owó oṣù bá fò, ó máa ba orúkọ àwọn méjèèjì jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ láti kóòtù nìkan ò yọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Kóòtù lè ní kí ilé di ti ẹnì kan, ṣùgbọ́n kò lè fipá mú báńkì láti tú ẹnì kejì sílẹ̀ nínú gbèsè.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Ẹ kọ́kọ́ lọ bá báńkì. Wọ́n á wo owó tó ń wọlé fún ẹni tó fẹ́ dúró, bóyá ó lè dá gbèsè náà gbé. Bí wọ́n bá gbà, lọ́yà á ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní transfer of equity, wọ́n á sì fi orúkọ tuntun sílẹ̀ ní Land Registry. Ẹ ṣàdéhùn iye tó tọ́ sí ẹni tó ń lọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí owó ẹni tó dúró ò bá tó, ẹ lè gbìyànjú báńkì mìíràn, tàbí kí ẹ ta ilé, kí kálukú mú tiẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní England àti Wales, bí ẹ bá jẹ́ joint tenants lórí ilé, tí ẹnì kan bá kú, gbogbo ilé di ti ẹni tó kù, ohun yòówù tí olóògbé ì báà kọ sínú ìwé ìhágún rẹ̀. Kóòtù tú ìgbéyàwó ká ò tíì fi òpin sí ìyẹn. Ẹ bi lọ́yà bí ẹ ṣe lè fi ìwé ya ìpín yín sọ́tọ̀, pàápàá bí báńkì bá ń fi nǹkan falẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, "Pásítọ̀ ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọra sílẹ̀." Rárá o! Àdúrà wa ni kí gbogbo ilé tòrò. Ṣùgbọ́n Ábúráhámù àti Lọ́ọ̀tì náà pínyà. Wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kí ìjà àwọn darandaran tó di ìjà tiwọn. Bí Olúwa bá tún yín so pọ̀ lọ́la, orúkọ tí ẹ yọ ṣeé dá padà.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà, ká sì máa béèrè pé, "Orúkọ ta ló wà lórí ilé?" A ò bi tọkọtaya yẹn. Ó ṣì ń dùn wá.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ ṣe é nísinsìnyí tí ẹ ṣì ń kí ara yín. Àwọn ọmọ ló ń sùn nínú ilé yẹn.

Kí Olúwa fún wa lóye. Àmín. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó nílò ẹ̀.