Ìkùnà Èdè Kì Í Ṣe Ìkùnà Ọpọlọ

Bí àbájáde ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbẹ̀bí kò bá dára, ohun mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi: máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ fi wọlé, owó ilé-ìwé, àìtó olùkọ́ àti ohun èlò, àti iṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù tí kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè kàwé. Òótọ́ wà nínú gbogbo wọn. Èyí tí wọ́n ń fò dá ni èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni.

Àwọn alátakò á ní ẹni tí kò yege Gẹ̀ẹ́sì kò lè wọlé rárá, kí ló tún kù? Ohun tí ó kù pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé girama kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ìṣègùn. Látìn àti Gíríìkì ló kún inú èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti há ọ̀rọ̀ sórí ná kí ó tó lè ronú lórí ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún.

Bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ Yorùbá kò bá ọwọ́ òfo wá sí kíláàsì. Àkọsílẹ̀ ìgbẹ̀bí ni púpọ̀ nínú orúkọ àmútọ̀runwá. Ìgè ni ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ jáde. Òjó àti Àìná ni àwọn tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Òkè ni èyí tí wọ́n bí pẹ̀lú àpò rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ń jẹ́ Ìgè lè jókòó sí kíláàsì, kí ó máa há “breech” sórí, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún un pé irú ìbí tirẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lé.

Àwọn kan ní èdè ilẹ̀ Áfíríkà kò ní ọ̀rọ̀ tó fún irú ìmọ̀ yìí. Kí ni “placenta”? Àkàrà pẹlẹbẹ ni ní èdè Látìn. Gẹ̀ẹ́sì yá a, kò sì sí ẹni tí ó pe Gẹ̀ẹ́sì ní òtòṣì èdè. Yorùbá ní ibi, ìwọ́, ilé-ọmọ àti ìrọbí láìyá wọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tí kò bá sí ṣeé ṣẹ̀dá, gẹ́gẹ́ bí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ti fi hàn fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, sì fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Pẹ̀lú ẹ̀rí wọ̀nyí, ìjọba àpapọ̀ tí ó fọwọ́ sí ìlànà èdè abínibí ní 2022 tún wọ́gi lé e ní oṣù Kọkànlá 2025.

Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n lé Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú àwọn aboyún ń sọ bí ìrọbí bá mú wọn, yálà ní Kánò, ní Ẹnúgù tàbí ní Òṣogbo. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ kò sì lè dúró de ògbufọ̀. Kí àwọn olùkọ́ èdè àti àwọn agbẹ̀bí jọ kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà jọ. Kí olùkọ́ máa fi èdè méjì ṣàlàyé. Kí ìdánwò àfiṣeṣe sì bèèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èdè aláboyún ṣàlàyé àmì ewu fún un. Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ìkùnà èdè ní ìkùnà ọpọlọ.